Èdè Ah Ma ilé kejì

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Síngápọ̀ ni mo lọ bá ẹlẹ́ja kan nínú ọjà, mo sọ fún un pé mo fẹ́ ta ẹja.

Mi ò ní ẹja kankan lọ́wọ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí n tó kúrò l'Ékòó ni mo ti ń wo fídíò orí YouTube, mo ti há gbólóhùn bíi mẹ́fà ní Mandarin sórí, mo ti pinnu pé èmi ò ní ṣe bí àwọn òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n á lo ọdún mẹ́wàá nílùú onílùú, "ẹ ṣé" nìkan ni wọ́n á mọ̀. Bí mo ṣe dúró níwájú àtẹ nìyẹn, mo na ìka sí ẹja, mo ní "wǒ yào mài yú". Bàbá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́ mi ọ̀tún, ó wo tòsì, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ìlú wọn bi mí pé ẹja tí mo fẹ́ tà náà dà. Ìyá tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àtẹ mú.

"Mǎi" ni rà, "mài" ni tà. Ohùn nìkan ló là wọ́n. Èmi ọmọ Yorùbá, èmi tí mo ti ń fi òyìnbó tó ń pe ọkọ ní ọkọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ohùn ló mú mi lọ́jà àwọn Ṣáínà. Ó dùn mí gan-an ni.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi lọ, ní 2017. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ epo lórí omi nílẹ̀ wa á ti gbọ́ orúkọ Síngápọ̀ rí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tún wọn ṣe. Wọ́n ní kí n lọ ṣe oṣù mẹ́fà, mo ṣe ọdún mẹ́rin. Yàrá tí mo rẹ́ǹtì wà ní Toa Payoh, nínú ilé gogoro tí ìjọba kọ́, HDB ni wọ́n ń pè é, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìlú náà ń gbé. Orúkọ àdúgbò yẹn fúnra ẹ̀ ti tó àpẹẹrẹ: "toa" jẹ́ Hokkien, ọ̀kan nínú àwọn èdè Ṣáínà, ńlá ni, "payoh" wá látinú "paya" ti àwọn Máléè, àbàtà ni. Àbàtà ńlá. Àfi bíi pé èèyàn méjì pàdé létí àbàtà, ọ̀kan sọ ìdajì, èkejì fi ìdajì tó kù sí i, orúkọ àdúgbò dé nìyẹn.

Kí n tó débẹ̀, èdè kan ṣoṣo ni mo rò pé wọ́n ń pè ní Chinese. Ẹni tó bá ti fojú jọ ará Ṣáínà, ó ń sọ Chinese, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọ́fíìsì wa, ọ̀gá kan wà tó ń jẹ́ Mr Tan, obìnrin tó ń rí sí owó ń jẹ́ Miss Chan, ọmọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ń jẹ́ Chin, ó tó oṣù márùn-ún kí ẹnì kan tó fi bírò kọ ọ́ sórí bébà fún mi pé àmì kan náà ni gbogbo wọn fi ń kọ orúkọ bàbá wọn. Orúkọ kan ni! Tan ni àwọn Hokkien àti Teochew ń pè é, Chan ni Cantonese, Chin ni Hakka, tí ó bá wá di Mandarin, ó di Chen. Lójú ìwé, ọmọ ìdílé kan ni wọ́n, àmọ́ tí wọ́n bá ti la ẹnu, kálukú wá láti ìlú tiẹ̀.

Ẹ má sì fi í wé ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ o, torí tí Ìjẹ̀bú bá ń sọ̀rọ̀, ará Ọ̀yọ́ á ṣáà mú nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fa ojú pọ̀ tán. Ẹni tó ń sọ Cantonese àti ẹni tó ń sọ Hokkien ò gbọ́ ara wọn rárá. Gúúsù Ṣáínà ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, láti Fujian, Guangdong àti erékùṣù Hainan, wọ́n wá ṣe kúlíì, wọ́n wá ṣòwò, wọ́n wá wa ọkọ̀, kálukú gbé èdè abúlé ẹ̀ dání. Mandarin ní tiẹ̀, èdè àríwá Ṣáínà ni, ìwọ̀nba ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Síngápọ̀ ayé ìgbà yẹn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ìlú náà ló jẹ́ ẹ̀yà Ṣáínà, àwọn Máléè tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Íńdíà tẹ̀ lé ìyẹn, èdè ìjọba sì jẹ́ mẹ́rin: Máléè, Mandarin, Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rélùwéè, èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí èèyàn ṣọ́ àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti pèpéle. Hokkien ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Hokkien lèdè tó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn bàbá àgbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pèpéle ọ̀hún.

Mo sọ pé mo kọ́ Mandarin. Òótọ́ ni, mo kọ́ ọ ní kíláàsì alẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí Ṣáínà tí wọ́n ń sọ gan-an, kopitiam ni. Kopi ni kọfí lẹ́nu àwọn Máléè, tiam ni ṣọ́ọ̀bù ní Hokkien, ẹ tún rí i, ìdajì-ìdajì. Ẹ má rò pé ilé kọfí olówó ńlá tí wọ́n ń tan éésì sí ni mò ń sọ o. Ibi gbayawu ni nísàlẹ̀ ilé, fáànù ń yí lókè, tábìlì roboto, àga oníke, àwọn tó ń ta oúnjẹ tò yí ògiri ká, onírẹsì, olóbẹ̀ ẹja, oníńúdù, ẹnì kan ló wá ni ẹ̀ka ohun mímu. Ìkòkò onímú gígùn ni ó fi ń da kọfí láti òkè, àpò aṣọ ló fi ń sẹ́ ẹ. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ní "coffee please", ó máa fún yín, àmọ́ ó ti mọ̀ pé àná lẹ dé.

Kopi lásán, mílíìkì tó ki tó dùn wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Tí ẹ ò bá fẹ́ mílíìkì, kopi-o, torí "o" ni dúdú ní Hokkien. Tó bá jẹ́ mílíìkì tó ṣàn lẹ fẹ́, irú èyí tí à ń dà sí ògì nílé, kopi-c, àwọn àgbàlagbà sì lè bá ara wọn jà lórí ibi tí "c" yẹn ti wá, ẹni kan á ní látara orúkọ tó wà lára agolo mílíìkì ni, ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Hainan ni, torí àwọn Hainan ló pọ̀ nínú òwò kọfí, wọ́n ní ìgbà tí wọ́n máa fi dé, àwọn tó kọ́kọ́ dé ti gba iṣẹ́ tó dáa tán, ni wọ́n bá lọ ń se oúnjẹ fún òyìnbó, látibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí kọfí títà. Tí ẹ ò bá fẹ́ ṣúgà rárá, kosong, Máléè nìyẹn, òfìfo. Kí ṣúgà má pọ̀, siew dai. Kó ki, gau. Kó fẹ́lẹ́, poh. Kó ní áìsì, peng. Ẹ wá tò ó pọ̀: kopi-o kosong peng. Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lèyí o, Máléè ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Hokkien bọ́ sí i, Máléè tún padà, Hokkien ló parí ẹ̀. Milo náà ní orúkọ tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní "tak kiu", kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù, torí àwòrán agbábọ́ọ̀lù tó máa ń wà lára agolo. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jókòó mo rẹ́rìn-ín dáadáa, torí agolo aláwọ̀ ewé yẹn náà ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi, kò sẹ́ni tó ronú nílé wa pé ó lè di orúkọ.

Tèmi ni kopi-c gau siew dai. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè sọ ọ́ láì dúró láàárín.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan tí mò ń rí lójoojúmọ́ wá yé mi. Mo wà lórí ìlà. Iwájú mi, bàbá Tamil kan, eérú funfun wà níwájú orí wọn, wọ́n ní "teh-o siew dai, dabao". Tíì ni teh, dabao sì ni kí wọ́n dì í kí èèyàn gbé e lọ, inú ike ni wọ́n máa ń dà á sí tí wọ́n á so okùn mọ́ ọn. Awakọ̀ táksí kan tó jẹ́ Máléè, fìlà wà lórí ẹ̀, ó ní "kopi gau". Èmi tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin Ṣáínà kan tó wọ aṣọ báńkì, Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń sọ lórí fóònù, ó yọ ẹnu kúrò lára fóònù, ó ní "kopi-o peng", ó padà sínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀. Tí ẹ bá bi bàbá Tamil yẹn pé ṣé wọ́n gbọ́ Chinese, wọ́n á ní rárá, kí ló kàn wọ́n. Awakọ̀ yẹn náà á ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ojú mi báyìí ni gbogbo wọ́n ṣe sọ ọ́ kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn tí ẹnì kan ò ka sí Chinese mọ́. Paiseh, ojú ń tì mí, ẹ má bínú. Kiasu, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kí wọ́n má lọ fi òun sẹ́yìn, èyí tó máa tò sórí ìlà wákàtí méjì torí pé wọ́n ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì mọ nǹkan tí wọ́n ń pín (ẹ má wulẹ̀ wò mí, èmi náà ti tò rí). Bo jio, o lọ jayé o ò pè mí. Àwọn ọmọ Máléè ọ́fíìsì wa ń sọ ọ́, àwọn ọmọ Íńdíà ń sọ ọ́, nígbà tó yá èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ paiseh fún ìyá mi lórí fóònù, ìyá mi ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì wá ńkọ́? Sẹ́ńtà àdúgbò ni wọ́n ti ń ṣe é, alẹ́ Tuesday àti Thursday. A jẹ́ méje, ọmọ Filipín méjì wà níbẹ̀, ará Faransé kan wà, tíṣà wa wá láti àríwá Ṣáínà gan-an, ohùn obìnrin náà mọ́ bí omi àmù. Ọjọ́ tó kọ́ wa ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Mā, ohùn òkè tí a fà gùn. Má, ó ń gòkè bíi "yìí". Mǎ, ó wọlẹ̀ lọ bíi "ọ̀ọ̀" tí àgbàlagbà ń dáhùn tí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Mà, ó já wálẹ̀ bíi "bẹ́ẹ̀". Ará Faransé yẹn ń gbọn orí sókè sódò bí aláǹgbá, ó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, èmi ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ kedere. Tíṣà bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, mo ní nínú ilé bàbá mi. Àmọ́ etí tó gbọ́ ohùn ò ní kí orí rántí èyí tó jẹ́ ti rà àti èyí tó jẹ́ ti tà, ìgbà tó fi máa di oṣù kẹta, ará Faransé yẹn tó jẹ́ adití ohùn ti mọ ọ̀rọ̀ jù mí lọ ní ìlọ́po méjì, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Mandarin tí tíṣà ń kọ́ wa, tí mo bá gbé e dé ìsàlẹ̀ ilé, kì í bá tiwọn mu. Tíṣà ní táksí ni "chūzūchē". Awakọ̀ ní "déshì". Tíṣà ní ọjà oúnjẹ ni "càishìchǎng". Gbogbo Toa Payoh ní "bāshā", látinú "pasar" ti àwọn Máléè ni, òun náà sì bá bazaar àwọn ará Páṣíà tan. Èyí tó wá pa mí ni lọ́rì. Tíṣà ní "kǎchē". Ọ̀gá wa ní yáàdì nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń kó irin wọlé, ó ní "luólí". Mo ní kí ló sọ? Ó tún un sọ, luólí. Lọ́rì o! Lọ́rì kan náà tí àwọn bàbá wa gbà lọ́wọ́ òyìnbó ni àwọn náà gbà, àmì Ṣáínà méjì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń bá wọn gbé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣáínà dé máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lórí àwọn nǹkan báyìí, àwọn náà á sì máa fi àwọn àlejò rẹ́rìn-ín padà.

Kí n má gbàgbé, ẹni dúdú tó bá ń lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí fún un. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń ronú, "nèi ge, nèi ge", bí àwa ṣe ń sọ "kiní yẹn, kiní yẹn" tí orúkọ nǹkan bá sọnù lẹ́nu wa, àmọ́ létí ẹni dúdú, ó jọ èébú tí àwọn òyìnbó kan fi ń bú wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú rélùwéè, ọkùnrin kan ń sọ ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, mo yí orí bìrí, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń hó, mo ti ń tú bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Kiní yẹn ló ń wá.

Ó yẹ kí n sọ bí Mandarin ṣe di ọba láàárín àwọn èèyàn tí kì í ṣe èdè ìyá wọn. 7 September 1979 ni Lee Kuan Yew, olórí ìjọba wọn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí àwọn ẹ̀yà Ṣáínà máa sọ Mandarin, kí wọ́n dín àwọn èdè yòókù kù. Lójú tiẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Mandarin ní ilé ìwé tó wá ń délé sọ Hokkien, ẹrù yẹn wúwo jù fún orí kékeré, ó sì fẹ́ kí Hokkien àti Cantonese àti Hakka lè máa gbọ́ ara wọn. Òun gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ, ó ti dàgbà kó tó jókòó kọ́ Mandarin, ó sì ti kọ́ Hokkien náà torí ìbò. Wọ́n wá tì í dáadáa. Àwọn fíìmù Cantonese láti Hong Kong tó ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ohùn Mandarin bò wọ́n. Rediffusion wà níbẹ̀ náà, àpótí tí àwọn bàbá wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì yẹn gan-an, inú ẹ̀ ni àwọn apàlọ́ ti ń sọ ìtàn ní Cantonese àti Hokkien tí àdúgbò á pa rọ́rọ́, ìgbà tó fi máa di 1982, ìtàn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ ìlú gan-an ò bọ́ níbẹ̀. Ọjà kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Tekka, àárín àdúgbò àwọn ará Íńdíà ló wà, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tuntun láàárín ọdún 1980 sí 1985, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ ní Mandarin, ó di Zhujiao. Ìyá Tamil tó ń ra ata, báwo ló ṣe fẹ́ pe ìyẹn? Wọ́n ṣáà ń pè é ní Tekka lọ ni, ní 2000 ìjọba náà gbà, wọ́n dá Tekka padà sára ògiri.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ilé ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo iṣẹ́, láti 1987 gbogbo ilé ìwé ló ti di bẹ́ẹ̀, ọmọ á wá kọ́ "èdè ìyá" ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Báwo ni wọ́n ṣe mọ èdè ìyá ọmọ? Ẹ̀yà tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀ ni wọ́n ń wò, tí ìyẹn sì jẹ́ ti bàbá ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá àgbà ẹ̀ ń sọ Hokkien, Mandarin ni èdè ìyá ẹ̀. Èdè ìyá tó tọ ọ̀dọ̀ bàbá wá, tí bàbá gan-an sì lọ kọ́ nílé ìwé.

Ìgbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2010, nínú gbogbo ọmọ ìlú tó ti pé ọdún 5, ìdá 14.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní Hokkien tàbí Cantonese tàbí àwọn ẹgbẹ́ wọn ni àwọn ń sọ jù nílé. Ní 2020, ó ti di 8.7. Mandarin fúnra ẹ̀ já láti 35.6 sí 29.9, Gẹ̀ẹ́sì gòkè láti 32.3 sí 48.3. Wọ́n pa ilé mọ́ de Mandarin, Gẹ̀ẹ́sì ló wọlé wá jókòó. Ìjọba gan-an ti ń rọra padà sẹ́yìn díẹ̀, ní 2016 wọ́n ṣe eré Hokkien kan sórí tẹlifíṣọ̀n torí àwọn àgbàlagbà, kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera àti owó ìrànwọ́ ní èdè tó yé wọn. Àwọn àgbàlagbà bíi Ah Ma.

Ah Ma ni ìyá àgbà ní Hokkien. Ilé kejì sí tèmi ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn ọkùnrin, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì pé mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà wọn, níta ní kọ́rídọ̀, ni wọ́n máa ń gbé àpótí sí láràárọ̀. Tí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní "jiak pa buay?" Ṣé o ti jẹun yó? Ìkíni ni, àmọ́ tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní kí n dúró, wọ́n á gbé abọ́ oúnjẹ kan lé mi lọ́wọ́, ta ni kò mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀? Èkejì tí mo mọ̀ ni "kha thia". Kha ni ẹsẹ̀. Thia ni kí nǹkan máa dunni, ó ń ti imú jáde bíi "iyán", tíṣà mi ò ní irú ohùn yẹn nínú Mandarin ẹ̀. Wọ́n á di orúnkún mú, wọ́n á fa ojú pọ̀, kha thia, kha thia. Ọmọ-ọmọ wọn á sáré wọlé, á gbé agolo kékeré Tiger Balm jáde, irú nǹkan tí àwa ń fi Róòbù ṣe, á fi pa á fún wọn.

Nǹkan tó kù láàárín àwọn méjèèjì ò ju ìyẹn lọ. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú wọn o. Ọmọ yẹn fẹ́ràn ìyá àgbà ẹ̀. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Mandarin ẹ̀ ò ju ti ìdánwò lọ, Ah Ma ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Mandarin tiwọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò kí ń fi í dáhùn. Tí Ah Ma bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gùn, Makcik ilé kẹta ni wọ́n ń lọ bá, ìyá Máléè kan tó fi ìborí borí. Àwọn méjèèjì á fi Máléè ọjà bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi kàn wọ́n lẹ́sẹ̀, Máléè tí gbogbo ẹ̀yà fi ń nájà láyé àtijọ́. Ìyẹn ló mú mi rántí ìyá àgbà tèmi ní Èkìtì. Èmi tí wọ́n tọ́ l'Ékòó, tí ìyá àgbà bá ní "ulé", mo rò pé "ilé" ni wọ́n ṣì sọ. Mo tiẹ̀ máa ń tún un ṣe fún wọn. Wọ́n á kàn wò mí.

Nígbà ìgbélé kòrónà, láti April sí June 2020, gbogbo wa wà nílé. Ilé ìwé wà lórí kọ̀ǹpútà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìn géètì mi, Ah Ma wà lórí àpótí wọn, ọmọ náà mú bébà kan jáde, ó gba máàkì tó dáa. Ah Ma ò mọ nǹkan tó wà nínú bébà, wọ́n ṣáà rí ojú ẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní "Ah Ma thia lu". "Lu" ni ìwọ.

Ọmọ náà sáré wọlé. Ó gbé agolo Tiger Balm jáde, ó kúnlẹ̀ síbi orúnkún.

Ah Ma rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá, wọ́n lu àyà ara wọn, wọ́n tọ́ka sí i, "thia lu, thia lu". Ó wo àyà wọn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ṣé ẹ rántí ìgbà tí à ń sọ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé àyà ń dun àgbàlagbà. Ó kọjú sí mi, ó ní "Uncle, ó ní òun ń dun èmi? Kí nìyẹn?" Mo ní kó fara balẹ̀, mo ń bọ̀.

Mo wọ ìbòmú, mo sọ̀ kalẹ̀. Kopitiam ò gba ìjókòó nígbà yẹn, dabao nìkan. Uncle kọfí ti ń po tèmi kí n tó débẹ̀, èyí ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í, kí ni thia. Ó ní nǹkan tó ń dunni ni. Mo ní ṣé kò sí òmíì. Ó wò mí, ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó ní tí o bá ní ọmọ kékeré, tí o fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ọkàn ẹ ń ṣe báyìí, ó di ìkúùkù, ó gbé e sí àyà. Ó ní thia náà nìyẹn. Ó ní kí ló dé, ta ló sọ ọ́ fún mi?

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọfí tó ń jó mi lọ́wọ́ nínú ike. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Oyin dùn.

Mo gòkè padà. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé Ah Ma ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, mo ní nílé tiwa náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ọ̀rọ̀ kan ni fún ohun tó ń roni lára àti ohun tó ń dùn lẹ́nu. Ó wo Ah Ma. Ó wo agolo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ wá ńkọ́, èwo ni ti ẹsẹ̀?

Mo ní ti ẹsẹ̀, ó ń dùn wọ́n lóòótọ́.

Ó bá ṣí agolo náà.